Nọ́ńbà Èèyàn Gidi

Kọ́léná ni wọ́n ń pè é. Aránṣọ ló bí i.

Láti kékeré ló ti mọ ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ: wọ́n á wọn oníbàárà, wọ́n á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn páálí, páálí á sì sọnù. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà tán, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, wọ́n sì ṣe áàpù tó ń tọ́jú ìwọ̀n sínú fóònù. Àga méjì ló wà níbẹ̀, tábìlì kan, àti fáànù tó ń yí ọrùn kiri bí ẹni tó ń wá ẹni tó pe òun.

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́, nígbà tí ìpìlẹ̀ ṣì tutù.

"Bùrọ̀dá, nọ́ńbà fóònù la fi ń dá èèyàn mọ̀ nínú áàpù yìí, ti ilé nìkan ló sì ń gbà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kó gba ti òkèèrè báyìí tí iṣẹ́ ò tíì pọ̀."

"Ta lo mọ̀ lókèèrè?"

"Mi ò mẹnì kan. Ṣé wọn kì í ránṣọ níbẹ̀ ni?"

"Ẹni tí ò tíì fẹ́yàwó, ó ń wá orúkọ àbíkẹ́yìn. Ká kọ́lé ná, jàre."

Ibẹ̀ lorúkọ ti mọ́ ọn lára. Bí obìnrin náà bá mẹ́nu kan owó ìlú mìíràn tàbí èdè ìlú mìíràn, èsì kan náà ni. Nígbà tó yá, Kọ́léná ń pè é ní Aya Òkèèrè níwájú àwọn aránṣọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àbúrò náà á fẹ eyín.

Kọ́léná kì í ṣe òmùgọ̀. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ dé tí kò sí aránṣọ nílùú tí ò tíì gba áàpù náà. Ilé kún, kò sì ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀, wọ́n ń fa àwọn aránṣọ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà náà ni Màmá Aláṣọ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin, aránṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ bí eéṣú. Bó bá gba áàpù náà, iṣẹ́ yè. Bí kò bá gbà á, kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún onílé.

Ó gun àtẹ̀gùn dé, ó bọ́ sórí àga Kọ́léná. Kọ́léná jókòó sórí páálí.

"Ẹ kú wàhálà àtẹ̀gùn, mà."

"Ìwọ tó ń gùn ún lójoojúmọ́ ni kí n kí. Gbé e wá."

Kọ́léná fi áàpù náà hàn án: èjìká, àyà, ìdí, gígùn apá. Ìyá náà ń mi orí.

"Ó dáa. Jẹ́ kí n wọlé fúnra mi."

Nọ́ńbà òkèèrè ló wà nínú fóònù rẹ̀. Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wo fáànù. Ìyá náà tẹ nọ́ńbà rẹ̀, lẹ́tà pupa sì yọ. Ó fi jígí sójú, ó kà á sókè:

"'Gbé nọ́ńbà èèyàn gidi wá, oníjìbìtì.'"

Kọ́léná ló kọ ọ́ síbẹ̀, fún àwọn aránṣọ tó ń tẹ nọ́ńbà irọ́. Wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín títí nílùú.

"Àwàdà ni, mà. Àwọn ará ilé ni mo fi ń bá ṣeré."

"Àwọn ará ilé lèèyàn. Èmi wá ńkọ́, ewúrẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Màá yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò kíá."

"Tó o bá yọ ọ́, ṣé nọ́ńbà mi á wọlé?"

Ìyá náà yíjú sí àbúrò Kọ́léná. "Ìwọ, ṣé á wọlé?"

"Kò lè wọlé, mà. Orí nọ́ńbà ilé ni gbogbo ìwọ̀n dúró lé. Ẹni tó bá fẹ́ yí i padà lónìí, àfi kó wó gbogbo ẹ̀."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń bẹ̀rẹ̀ ni?"

"A mọ̀, mà."

Màmá Aláṣọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́.

"Aránṣọ tó gọ̀ jù lábẹ́ mi, tó bá rán ṣòkòtò ọmọdé, á fi ìṣẹ́tí sílẹ̀, torí ọmọ á ga. Ìwọ rán tìẹ mọ́ ọmọ lára." Ó ti fóònù Kọ́léná sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mi ò fẹ́ èyí. Ẹni tó máa ṣe tuntun fún mi ni mò ń wá. Ìwọ obìnrin yìí, tó o mọ̀, ṣé wàá ṣe é?"

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Màá ṣe é, mà."

"Bùrọ̀dá ẹ ńkọ́?"

Kọ́léná gbójú sókè. Ìrètí hàn lójú rẹ̀ bí epo lára aṣọ funfun.

"Ẹ jẹ́ kó máa gbé ìpè àwọn aránṣọ, mà," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Wọ́n fẹ́ràn àwàdà rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má gbé tèmi o."

Àwọn obìnrin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Kọ́léná náà fẹ eyín. Nísàlẹ̀, òòlù ń lu àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ó yọ ṣájà rẹ̀ lára ògiri, ó ká wáyà rẹ̀ jọ dáadáa. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ tí iṣẹ́ tuntun yóò bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó.

Ó dìde lórí páálí, ó jáde.