Ìyá Tó Padà Wá sí Longbridge

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ìdájọ́ Ọlọ́run ju Ọlọ́run fúnra rẹ̀ lọ, ẹ béèrè ilé Màmá Wòlíì Ọmọ́ṣọlá, wòlíì ìjọ wa, ní Longbridge ní ìlà-oòrùn London. Láàárín ọ̀sẹ̀, ẹrù ni wọ́n ń dì ní Dagenham Dock. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á wọ sùtánà funfun, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á sì máa tú àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ wa níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti tú tèmi rí. Inú ṣì ń bí mi.

Ìdánwò wá kan ilé tiwọn. Fèyí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, mú ẹni tó fẹ́ fẹ́ wálé. Chirag lorúkọ rẹ̀. Híńdù ni ìyá rẹ̀, ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn Íńdíà mìíràn, ni bàbá. Màmá ní kí èmi, ọmọ ìjọ wọn, wá jókòó ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọmọkùnrin náà kọ ẹran ewúrẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Màmá bi í léèrè ohun tó gbà gbọ́, ó sì dáhùn pẹ̀lẹ́ pé ara nìkan ló ń kú, ọkàn á lọ wọ ara mìíràn. Ó ní ti bàbá òun tún le: èèrà pàápàá ní ọkàn tirẹ̀ lọ́tọ̀, èèyàn ò gbọdọ̀ pa á.

Màmá mirí. “Chirag, you're a fine boy. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò lè fẹ́ ẹni tó ní òkú ń padà wáyé. Ẹni tó bá ti kú ti lọ nìyẹn, finish.”

Fèyí ò tilẹ̀ bínú. “Mummy, kí ni orúkọ mi àkọ́kọ́?”

Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé Yétúndé ni. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìyá Màmá kú ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí i. Màmá tó ń fi pàṣán lé ẹ̀mí èṣù jáde lára ọmọ ẹlòmíràn ò na tiwọn rí. Ta ní í na ìyá rẹ̀?

“‘Ìyá mi’ lẹ máa ń pè mí,” ni Fèyí wí. “Nínú ìyá àti ọmọ, ta ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ta? Ó dáa, ìyá yín ti gbà fún Chirag.”

Màmá wo ojú mi bóyá mo ríran. N kò rí nǹkan kan, mo ń gbádùn ara mi.

Wọ́n dìde, wọ́n gbé àwo ẹran náà padà sí kíṣìnì. A gbóhùn wọn níbẹ̀, ó ti rọ̀.

“Ìyá mi, ṣé ó ń jẹ dòdò?”