Ọwọ́ Ta Ló Wà Lára Ọkọ̀ Baba Má-fọwọ́-kàn-án?

Ọjọ́ tí Baba Má-fọwọ́-kàn-án ké sí ọlọ́pàá nítorí pé ẹnì kan fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo àdúgbò ló tú síta. Ìtàn yìí ni wọ́n sọ jù nígbà tí wọ́n wá kẹ́dùn ikú rẹ̀, tí ẹni tó ń sunkún fi ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn.

Ọlọ́pàá dé, ó wo ọkọ̀ náà yíká. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, aláwọ̀ aró, iná iwájú rẹ̀ rí rogodo bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ó ń dán débi pé ọlọ́pàá rí ara rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn, ó sì tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa.

"Bàbá, kí ni wọ́n jí?"

"Wọn ò jí nǹkan kan."

"Kí ni wọ́n bà jẹ́?"

"Wọn ò ba nǹkan kan jẹ́."

"Kí wá ni wọ́n ṣe, Bàbá?"

"Wọ́n fọwọ́ kàn án!"

Ẹ̀rín pa ọlọ́pàá. Ó fẹ́ fara ti ọkọ̀ kó lè rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. "Má fọwọ́ kàn án!" Bàbá lọgun tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́pàá fi na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí olè yọ ìbọn sí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ní gbogbo Sátidé, tí Bàbá bá ti fọ ọkọ̀ tán, á fi pọ́líṣì kùn ún, á wá wọlé lọ mumi kí pọ́líṣì náà tó gbẹ. Bó bá padà jáde láti fi aṣọ nù ún, á bá àmì àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kan lẹ́yìn ọkọ̀ lápá òsì, ìka márààrún, ó hàn gbangba. Ó ti wá gé páálí kan bí ọwọ́ náà. Ó ní kí oníkálukú wá gbé ọwọ́ lé páálí, nítorí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sún mọ́ ọn. Màmá, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbé abọ́ omi kiri tí wọ́n fi ń ṣan ọwọ́. Ọwọ́ káfíńtà tó wà lódìkejì títì tóbi jù. Ti onílé sanra jù. Ọkùnrin tó kàn wá ka mítà iná pàápàá, wọ́n wọn ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ku ẹ̀yin, ọ̀gá," ni Bàbá wí.

Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé e. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti obìnrin. Ó bá páálí mu wẹ́kú. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, níbo lẹ wà láàárọ̀ yìí?"

Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Iṣẹ́ títún aago ọwọ́ ṣe ló fi jẹun kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì ń tún aago ṣe, ohun tí ojú ẹlòmíì ò rí ló ń wá kiri. Awò kékeré tó máa ń fi sójú wo inú aago, òun náà ló fi ń kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, tí á máa wá ibi tó ha. Ọkọ̀ yẹn ló fi gbé Màmá wálé nígbà tó gbé e níyàwó. Ayọ̀ ọjọ́ náà ti pọ̀ jù, ó kánjú ti ilẹ̀kùn, ó ti i mọ́ Màmá lọ́wọ́. Ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọ́ látìgbà náà, kò nà mọ́. Àtọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni ò ti gbọdọ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí Bàbá má figbe ta. Àwọn èèyàn rò pé ọkọ̀ ló ń ṣàánú.

Kò gbẹ́kẹ̀ lé ọṣẹ kankan láyé. Tó bá ra ọṣẹ tuntun, orí ara rẹ̀ tó ti pá ni yóò kọ́kọ́ fi fọ̀, á wá jókòó sínú oòrùn. "Ohun tí kò bá yún orí mi," ló máa ń wí, "kò ní yún ọ̀dà ọkọ̀." Ọṣẹ kan mú kí orí rẹ̀ wú lọ́jọ́ kan. Ó gbé orí náà lọ bá ẹni tó tà á fún un. "Wò ó dáadáa! Ká ní ọkọ̀ mi lo ṣe báyìí ńkọ́?"

Garawa méjì ló ní, ọ̀kan fún ara ọkọ̀, ọ̀kan fún táyà, ẹni tó bá ṣì wọ́n gbé, ó ti jẹ gbèsè àlàyé. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló fi ń fọ àárín àwọn irin dídán. Ọkọ ọmọ rẹ̀ wá kí wọn, ó bá búrọ́ọ̀ṣì náà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó fi fọ eyín mọ́ tónítóní. Bàbá gba búrọ́ọ̀ṣì, ó gbé awò sójú, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ̀ ń jẹ ata o, àna mi. Ṣé ẹ ò ti bà á jẹ́ báyìí?"

Ọkọ ọmọ yìí kan náà ló mọ ohun tójú ìyàwó rẹ̀ rí lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Bàbá tẹ́ ìwé ìròyìn sórí àga ọkọ̀ kó tó jẹ́ kí ọmọ ara rẹ̀ jókòó. Nígbà tí ìyàwó sọ̀kalẹ̀, àkọlé ìròyìn ti tẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ funfun, àwọn tó ń tò tẹ̀lé e sì ń kà á lọ.

Ẹyẹ pàápàá ò bọ́. Ẹyẹ tó bá bà lé wáyà iná lókè ọkọ̀, Bàbá á gbójú sókè, á ní, "Ta ló rán ẹ?" Tí ẹyẹ bá fò lọ, á yíjú sí Màmá. "Ìyá wọn, ṣé o rí i? Ó mọ ohun tó wá ṣe."

Ta wá ló ń fọwọ́ kan ọkọ̀? Gbogbo ayé ni Bàbá fura sí, àfi ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà gan-an ló sì ń ṣe é. Màmá ni.

Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó ń lọ sá aṣọ, omi ọṣẹ yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó di ọkọ̀ mú kó má baà ṣubú. Kó tó lanu, Bàbá ti jáde, ó ti ń jágbe mọ́ káfíńtà. Ẹnu Màmá wá wúwo. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá gbé bẹ́ǹṣì síwájú ilé, ó ní òun fẹ́ ṣọ́ ẹni náà, kí Màmá wá bá òun ṣọ́ ọ. Ẹ wò ó, látìgbà tí ọkùnrin yẹn ti fẹ̀yìn tì, ìdí ọkọ̀ ló ń wà láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wọn ò ju "oúnjẹ ti délẹ̀" àti "mo ti gbọ́" lọ. Àmọ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn, Bàbá ń fi ìrìn àwọn tó ń kọjá ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe wọn, Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ ọwọ́ mọ́ pọ́líṣì náà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọlọ́pàá wá, Màmá rò pé àṣírí òun ti tú. Ó yọjú wo páálí, ó rí i pé ọmọńdinrín ọwọ́ páálí náà nà tọ́ọ́ró, kò wọ́ bíi tòun. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Yéè, ojú baba wọn ti ń lọ o." Àánú Bàbá ṣe é, ó sì tún dúpẹ́.

Ọ̀sán Sátidé kan, Bàbá parí iṣẹ́, ó fi tapólì bo ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ rọra fẹ̀yìn lélẹ̀. Kò jí mọ́.

Ohun tó ń jẹ Màmá lọ́kàn lẹ́yìn náà ni pé ọkọ òun lọ pẹ̀lú ìfura. Ó kú, ó rò pé àwọn aládùúgbò ò fẹ́ràn òun, ó ṣe tán irọ́ Màmá ló fà á. Kò lè wo ọkọ̀ náà mọ́. Nígbà tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n tà á, ó ní, "Ẹ gbé e lọ. Mi ò fẹ́ rí i."

Ẹni tó wá rà á, oníwà bíi ti Bàbá gan-an ni. Ó wo abẹ́, ó gbóòórùn àga, ó kan ilẹ̀kùn kókó. "Ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí ò lè máa dán lásán. Kí lẹ fi pamọ́?" Ó ká tapólì dé ẹ̀yìn lápá òsì. "Hẹn-ẹn! Mo mọ̀! Àbàwọ́n rè é!" Ó yọ áńkáṣíìfù, ó tutọ́ sí i.

Màmá sún mọ́ ọn. Kì í ṣe àbàwọ́n. Pọ́líṣì gbígbẹ ni, ó funfun, ó rí bí ọwọ́. Bàbá ti nu gbogbo ara ọkọ̀ kó tó lọ sùn, ṣùgbọ́n ó nù ún yí ọwọ́ yẹn ká ni, ó fi sùúrù nu àárín ìka kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń tún aago ṣe. Ọmọńdinrín rẹ̀ wọ́.

Ọkùnrin tó ń rí irun nínú aago, ṣé ìka tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ni kò ní mọ̀? Màmá rántí páálí. Kí ọwọ́ gbogbo ayé lè bá a mu, kó má bá tòun mu, ni Bàbá ṣe gé e tọ́ọ́ró. Ó rántí omi tí Bàbá máa ń wọlé lọ mu ní gbogbo Sátidé. Omi wo lèèyàn ń mu pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Oníbàárà na áńkáṣíìfù.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Káfíńtà tó wà lódìkejì títì ju òòlù sílẹ̀, ó rò pé òkú ti jí. Oníbàárà ti na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Màmá," ni ọkọ ọmọ rẹ̀ rọra wí, "ṣé a ò tà á mọ́ ni?"

Màmá gbé bẹ́ǹṣì síwájú ilé, ó jókòó sí ìdajì tirẹ̀, ó fi ìdajì kejì sílẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan fò wá, ó bà lé wáyà iná. Màmá gbójú sókè, omi lé róró sójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ti gba ẹnu rẹ̀.

"Ta ló rán ẹ?" ni ó bi í.

Ẹyẹ náà ò fò lọ.