Ẹni Tí Wọ́n Ń Kí Ní Ẹ Kú Ìjókòó

Wọ́n ní Ìyá Ẹlẹ́wù fi sísọ́ọ̀sì gé ẹ̀wù ọ̀gá àgbà yunifásítì sí wẹ́wẹ́, torí pé ó ń jowú ọmọbìnrin tí wọ́n ní kó máa ràn án lọ́wọ́. Láti ẹnu géètì dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá dé ló ti ń sanra sí i. Nígbà tó fi máa kan èmi tí mo ń ta omi tútù lábẹ́ fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń ránṣọ, wọ́n ti ní ọlọ́pàá wá, wọ́n ti ní ìyá náà dákú. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ n bá yín tún un ṣe: kò sí ẹ̀wù tí ẹnikẹ́ni gé. Títú ni wọ́n tú u, abẹ́rẹ́ lásán ni wọ́n sì fi tú u. Ti owú yẹn, ìyẹn ò ṣeé yọ kúrò. Òótọ́ ni.

Ìyá Ẹlẹ́wù ló ń rán ẹ̀wù dúdú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gboyè. Yàrá kan báyìí ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ilé ìkàwé, tábìlì gígùn kan wà láàárín rẹ̀, ẹ̀wù sì rọ̀ rẹpẹtẹ lára ògiri bí àdán tó ń sùn. Ìyá náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì síngbọnlẹ̀. Wọ́n máa ń ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí i ni. Kí ọmọ yẹn tó dé, tó o bá ń kọjá lójú fèrèsé, wàá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí máṣíìnì, kàtàkàtà, wàá sì gbọ́ àwọn èèyàn: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ẹlẹ́wù!" Òun náà á dáhùn láìgbójú sókè: "Òo, ẹ ṣeun, iṣẹ́ ò ní pa yín!"

Ni wọ́n bá mú ọmọbìnrin yẹn wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Àǹtí Ọwọ́yá, torí ọwọ́ rẹ̀ yá lóòótọ́. Ká ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́ ni o. Tó bá dé láàárọ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á kanlẹ̀. Tí Ìyá Ẹlẹ́wù bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á ní: "Ẹ mú un wá, Ma, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é." Tó bá na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì: "Háà, Màmá, nígbà tí mo wà níbí?" Ó gba áyọ́ọ̀nù, ó gba téèpù kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́wù ń ṣàdúrà fún un pé ọmọ tirẹ̀ náà á ṣe é fún un, ọmọ náà ń ṣe àmín. Kí ìyá tó mọ̀, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá ẹ̀ka wọn ló wá parí ẹ̀. Ìwé kan ti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ wá pé kí gbogbo ẹ̀ka máa tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ tó ti dàgbà. Ọkùnrin náà lọ ra àga onítìmùtìmù kan, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa gbatẹ́gùn, kẹ́ ẹ máa bá wa kí àlejò." Wọ́n fi aṣọ bo máṣíìnì alẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé kẹ́tù omi tíì lé e lórí. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Òun náà pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kíkí ti yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé á tẹ̀ ba lẹ́nu ọ̀nà, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá," á sì kọjá lọ sídìí tábìlì: "Àǹtí Ọwọ́yá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹ kú iṣẹ́ yẹn, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un ni. Tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì, ó rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Tí ọmọ yẹn bá ń kọrin, èébú ló ń gbọ́. Tí ẹnì kan bá yin ẹ̀wù tí ọmọ náà rán, á yínmú: "Èjìká ẹ̀ ò tiẹ̀ dọ́gba." Ó dọ́gba. Ó mọ̀ pé ó dọ́gba, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún.

Ẹ̀rù kan sì wà nísàlẹ̀ owú náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Ìgbà tí wọ́n bá ní ó tó náà ló tó. Ẹni tí wọ́n fún ní àga lónìí, ilé ni wọ́n máa ní kó lọ jókòó sí lọ́la. Tó bá wá dé ilé, ta ló máa kí i ní ẹ kú kí ni?

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, kò jẹ́ kó gbádùn nílé.

"Ìwọ obìnrin yìí, ẹni tó bá gbọ́ ẹ á rò pé mo ti fẹ́ ìyàwó lé ẹ."

"Ì bá sàn! Èyí tó o bá fẹ́, màá bá a jà, màá lé e. Èyí, ó ń kúnlẹ̀ kí mi! Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ẹni tó ń kúnlẹ̀ jà?"

"Kí ìwọ náà kúnlẹ̀."

"Panu mọ́, jàre!"

Nígbà tí ayẹyẹ ìgboyè ku dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá àgbà yunifásítì fi ẹ̀wù pupa rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n bá a tún apá rẹ̀ rán. Àǹtí Ọwọ́yá rán an, ó gbé e kọ́, ó jáde lọ jẹun. Akọ̀wé ọ̀gá àgbà máa wá mú un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà. Ó wá ku Ìyá Ẹlẹ́wù nìkan lórí àga. Ó wo apá ẹ̀wù náà. Ó wò ó títí. Rírán náà tẹ́jú bí omi inú àwo. Ló bá dìde, ó mú abẹ́rẹ́, ó tú apá ọ̀tún láti òkè délẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé òun máa tún un rán kí ọmọ náà tó dé, kí akọ̀wé wá bá òun nídìí máṣíìnì, kó kí òun ní ẹ kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Máṣíìnì oníná tí ọmọ náà ń lò ló jókòó sí, torí kẹ́tù wà lórí tirẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, òwú já. Ó tún òwú kì, ó tún já. Òwú ká jọ sábẹ́ aṣọ bí irun tí wọn ò yà. Ọ̀sán ń lọ. Nígbà tí òógùn bò ó, ó mú fóònù, ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ náà bí gbogbo wa ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, láìfi àmì kankan sí i: "Owu lo n yo mi lenu. Dakun tete maa bo."

Òwú tí wọ́n fi ń ránṣọ ló ní lọ́kàn. Owú ni ọmọ náà kà.

Ó fi oúnjẹ sílẹ̀, eré ló sá dé. Kò tiẹ̀ wo máṣíìnì. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá, omi ti lé sí i lójú.

"Màmá, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé owú ni. Mi ò kàn mọ̀ pé ẹ lè sọ ọ́ síta ni."

"Owú wo? Òwú ni mo wí! Òwú! Wò ó bó ṣe ká jọ!"

Ọmọ náà wo fóònù, ó wo máṣíìnì, ó wá rí apá ẹ̀wù tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. "Ta ló tú èyí?"

Ìyá Ẹlẹ́wù la ẹnu. Irọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó tiẹ̀ ti fẹ́ dárúkọ eku. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń wò ó.

"Èmi ni. Àtòwú àtowú, kò sí èyí tí kò yọ mí lẹ́nu."

"Kí ni mo ṣe yín, Ma?"

"Gbogbo nǹkan lo ṣe. O ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún mi."

"Wọ́n kọ́ mi nílé pé tí àgbà bá ń ṣiṣẹ́ níṣojú mi, àbùkù mi ni. Ẹni tó bá wọlé tó bá yín nídìí máṣíìnì, èmi ló máa bú, Ma."

"Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n àgbà tí ẹrù bá ń wọ̀ lọ́rùn ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi, ṣé mo ní ó wúwo?"

Ọmọ náà nu ojú. Ó dìde, ó gbé kẹ́tù kúrò, ó ká aṣọ orí máṣíìnì alẹ́sẹ̀. "Ẹ jókòó síbí, Ma. Wọ́n ti fẹ́ dé." Ìyá fẹsẹ̀ sí i, kàtàkàtà, ọmọ náà ń bá a di aṣọ mú níwájú.

Wọn ò tíì rán an dé ọrùn ọwọ́ tí akọ̀wé àti ọ̀gá ẹ̀ka fi wọlé. Akọ̀wé rí apá ẹ̀wù tó ṣí, ó rí sísọ́ọ̀sì lórí tábìlì, ó rí ojú ọmọbìnrin tó pọ́n, ó dà á pọ̀ mọ́ra, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ibẹ̀ ni àhesọ yẹn ti wá. Ní ti ọ̀gá ẹ̀ka, ariwo ló bẹnu bọ̀.

"Màmá! Ta ló fún Màmá níṣẹ́? Àga yín ńkọ́?"

"Èmi ni mo fún ara mi."

"Ìwé ní ká tọ́jú àwọn àgbà, Ma!"

"Ó dáa. Ṣé ìwé náà ní kẹ́ ẹ má bi àgbà léèrè ni? Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ̀ ń pa irun láró, ta lẹ̀ ń sá fún? Ẹni tó máa gbé àga wá fún yín ni."

Ọ̀gá fọwọ́ kan orí. Àǹtí Ọwọ́yá ki orí bọ abẹ́ tábìlì, ó ní òun ń wá abẹ́rẹ́. Ẹ̀rín ló ń pa á.

"Àní mo rò pé inú yín dùn, Ma," ni ọ̀gá wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́."

"Gbogbo yín lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Kí n káwọ́ lérí ni?"

Wọ́n wá pín iṣẹ́. Wíwọ̀n àti gígé di ti ìyá, máṣíìnì oníná di ti ọmọ, ẹ̀wù àwọn ọ̀gá ńlá, wọ́n jọ ń ṣe é. Ọ̀gá ẹ̀ka ló ń tòògbé lórí àga yẹn báyìí.

Mo bi Ìyá Ẹlẹ́wù bóyá owú náà ti wá lọ pátápátá. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ rà mí.

"Lọ síbo? Wọ́n yìn ín lánàá, ó tún dùn mí. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí ná. Ọ̀gá wá sọ fún wa pé wọ́n ń mú ọmọbìnrin mìíràn bọ̀, èyí tó kéré gan-an, tó jẹ́ kọ̀ǹpútà ló fi ń ya ẹ̀wù. Mo wo ojú Ọwọ́yá, ó ti ṣú. Ó ní, 'Kí lèyí fẹ́ wá ṣe, ṣé àwa ò tó ni?' Mo fà á mọ́ra, mo ní, 'Káàbọ̀ o, ìwọ náà ti dàgbà.'"