Ohun Tí Mo Mọ̀ Nípa Akọ Inú Ibú

Johannesburg kò ní òkun. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi iyọ̀ níbẹ̀, àfi kó wakọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni èmi ọmọ Ìjẹ̀ṣà jókòó sí, tí ẹran inú ibú òkun sì ń bọ́ mi. Kì í ṣe pé mo ń jẹ ẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan, iṣẹ́ mi sì ni láti mọ bí àwọn skúídì kéékèèké, ẹran òkun aláìlégungun tó ní apá mẹ́wàá, tí wọn kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ṣe ń bímọ nísàlẹ̀ òkun níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Àwọn apẹja á rí wọn nínú àwọ̀n, wọ́n á kó wọn sínú ike tó kún fún ọtí líle kí wọ́n má baà jẹrà, mọ́tò á gbé wọn wá bá mi. Èmi á wá máa la inú wọn lábẹ́ maikirosikóòpù.

Nípa akọ ni mo mọ̀ jù. Akọ ẹran yìí máa ń di àtọ̀ rẹ̀ ní ìdì-ìdì, bí ẹni ń pọ́n ẹ̀kọ, á sì kó o pamọ́ sínú àpò kan lára rẹ̀. Tó bá rí abo, á fi apá kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn gbé e fún un. Abo kò ní kánjú. Á tọ́jú ẹrù náà sára títí ẹyin rẹ̀ á fi gbó, nígbà tó bá tó àkókò lójú rẹ̀, á lò ó. Mo lè sọ èyí fún wákàtí méjì nínú gbọ̀ngàn tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́, ojú kò ní tì mí.

Ilé ni ojú ti ń tì mí. Ọdún mẹ́jọ ni èmi àti ìyàwó mi ti wà pọ̀ láìgbọ́ igbe ọmọ. Nígbà tó yá, a lọ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ìyàwó mi, ṣùgbọ́n nínú àtọ̀ tèmi, òun kò rí ohun alààyè kankan. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí a ṣe ń padà sílé, ìyàwó mi ní, "Màmá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìwọ lo máa sọ fún wọn o. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ." Mo ní shap, bí àwọn ọmọ ibí ṣe máa ń sọ pé ó ti dáa.

Màmá mi dé, ẹnu mi sì wọlé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti rí ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní Rosettenville, wọ́n ti fi orúkọ ìyàwó mi sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń wojú Olúwa fún èso inú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ pè é síwájú. Àwọn ìyá ìjọ gbé ọwọ́ lé e níkùn, wọ́n ń pàṣẹ fún ilé ọmọ rẹ̀ pé kó ṣí. Ilé ọmọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí láti ọjọ́ yìí, tó ń retí àlejò. Mo wà ní ìlà kẹta, mò ń ṣe àmín, àmín tèmi ló sì ròkè jù. Tí Màmá bá ń bá àwọn àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á yí i sí Ìjẹ̀ṣà kí ìyàwó mi, ọmọ Ẹ̀gbá, má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ó ń gbọ́. Ọdún mẹ́jọ ti tó kọ́ èdè ọkọ. Lójoojúmọ́ ló ń wo ojú mi, lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un pé ó di ọ̀la.

Ní Sátidé kan, Màmá ní àwọn fẹ́ rí ibi iṣẹ́ mi. Mo gbé abo kan sábẹ́ maikirosikóòpù fún wọn, mo fi ẹyin rẹ̀ hàn wọ́n, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ akọ àti ìdì rẹ̀. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọlọ́run tóbi. Àwọn abo yìí náà, ṣé wọ́n máa ń yàgàn?"

Olùkọ́ ló dá wọn lóhùn, kì í ṣe ọmọ. Mo ní, "Rárá, Màmá. N kò tíì rí àgàn nínú wọn rí. Akọ ni mo máa ń là nígbà mìíràn, tí n kì í bá nǹkan kan nínú àpò rẹ̀."

Wọ́n gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ náà, wọ́n wò mí. Ìyá ni ìyá ń jẹ́. N kò rí ibi sá sí mọ́, mo bá sọ gbogbo rẹ̀: àyẹ̀wò, dókítà, àti pé èmi ni. Ní gbogbo róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí, tí iná pupa ti dá wa dúró lọ́nà ilé, mò ń retí kí Màmá bú mi, àwọn tó ń sọdá títì ni wọ́n ń wò.

Kíṣìnì ni wọ́n gbà lọ tààrà, níbi tí ìyàwó mi ti ń se ọbẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni. Ó jọ pé òun náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí ó pa iná, ó nu ọwọ́, ó sì dúró dè wọ́n.

Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó, ọkọ rẹ ti sọ fún mi. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Wọ́n á fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èmi ńkọ́, Màmá?"

"Ìwọ? Wọ́n kúkú ti gbọ́ tìẹ tẹ́lẹ̀."

Wọn kò fi ìkà sọ ọ́ rárá. Bí ẹni tó ní kéèyàn wọ aṣọ tó ti dọ̀tí lọ sóko ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ni mo dúró sí, mo sì mọ ohun tó yẹ kí n sọ, kò tilẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n ara tù mí. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló sì rí: ara tù mí débi pé mo mí kanlẹ̀. Ìyàwó mi gbọ́ èémí náà. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú padà, ó sì tan iná sábẹ́ ọbẹ̀ rẹ̀.