Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Yan Olórí Láàrin Làwánì àti Bùráímọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí n kò tíì pààrọ̀ eyín, ọ̀rọ̀ kan wà ní agbolé wa ní Ìwó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aṣiwèrè. Ọ̀rọ̀ náà ni pé ta ló mọ eré onígi gbá jù, nínú Làwánì, ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, àti Bùráímọ̀, ọmọ ìyàwó kejì bàbá wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí eré yìí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló ni ín. Wọn a gé ẹ̀ka gúáfà tó tẹ̀ lórí, wọn a fi okùn wé àkísà ṣìnṣìn títí yóò fi le, wọn a sì máa fi igi gbá a kiri lórí pápá tí iná ọ̀ẹ̀rùn ti jó, títí ẹnìkan yóò fi gbá a kọjá láàrin òkúta méjì. Àwa ọmọ kéékèèké a máa sáré tẹ̀lé wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bí a bá ti ibẹ̀ dé, eérú á ti kùn wá dé inú imú, ìyá mi á sì fi kànìnkànìn bó wa lára bí ẹni tó ń bó iṣu.

Ọ̀ẹ̀rùn mẹ́fà gbáko ni Làwánì ti fi gbá eré náà fún agbolé wa. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n pè é tí kò wá. Ó gbá a pẹ̀lú ibà lára, ó gbá a lọ́jọ́ tí ẹ̀gún mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pariwo lé lórí. Yóò kàn gba àkísà lẹ́sẹ̀ ẹni tó mú un bọ̀, yóò gbá a sí ará ilé wa kan, yóò sì padà sí ààyè rẹ̀. Bùráímọ̀ ní tirẹ̀, ọ̀ẹ̀rùn méjì péré ló tíì gbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lára mi. Bí Bùráímọ̀ bá gbé igi sókè, àyà mi á já, inú mi á dùn, ẹkún á sì máa gbọ̀n mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ tí àwọn ará Kuta wá, ó gba àárín ènìyàn márùn-ún kọjá bí ẹni pé wọ́n ń sùn. Ọkùnrin Kuta kan jókòó sílẹ̀, ó ní òun kò gbá mọ́.

Báyìí ni ìyọnu ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ojúde, àwọn bàbá kò sọ ohun mìíràn mọ́. Àwọn kan á ní, "Ẹni tó bá wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ló mọ̀ ọ́n." Àwọn kejì á ní, "Wíwà níbẹ̀ ni iṣẹ́? Òkúta méjèèjì náà ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́." Nígbà mìíràn wọn á bínú, wọn á dìde, wọn á sì tún padà jókòó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kódà Alfa wa ní ilé kéú, bí mo bá gbé wàláà mi síwájú wọn tí mo ń kà á, wọn á fi pàṣán dá mi dúró, wọn á rẹ ohùn sílẹ̀: "Súlè, ta lo máa fún?"

Ìdí tí wọ́n fi ń bi èmi nìyí. Agbolé wa ní igi kan tí àwọn àgbà ti gbẹ́ tipẹ́. Ọwọ́ olórí ẹgbẹ́ ni igi náà máa ń wà, òun ni yóò sì máa pàṣẹ lórí pápá títí ọ̀ẹ̀rùn mìíràn yóò fi dé. Kì í ṣe àgbàlagbà ló ń yan olórí yìí. Ọmọkùnrin tó dàgbà jù nínú àwọn tí kò tíì pààrọ̀ eyín ni, nítorí wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣojúsàájú. Ẹni tó rò ó bẹ́ẹ̀ kò bí ọmọ rí! Èmi ni ó kàn lọ́dún náà. Bí eyín mi bá bọ́ kí ọjọ́ náà tó pé, Ràfíù ni yóò kàn, Ràfíù sì rèé, àbúrò Bùráímọ̀ gan-an ni.

Eyín mi kan sì ti ń mì.

Ìyá mi gbà pé Làwánì ni n óò fún, nítorí náà eyín yẹn kò gbọdọ̀ bọ́. Òlèlè ní àárọ̀, ẹ̀kọ tútù ní ọ̀sán, òlèlè ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá Bùráímọ̀ náà gbà pé Làwánì ni n óò fún, nítorí náà eyín yẹn gbọ́dọ̀ bọ́. Bí mo bá ti gba iwájú yàrá wọn kọjá, wọn á pè mí pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ọkọ mi, wá gba ìrèké." Lọ́jọ́ kejì, àgbọn. Lọ́jọ́ kẹta, àgbàdo sísun tó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì tó bi mí léèrè ohun tó wà lọ́kàn mi. Bùráímọ̀ ló wà níbẹ̀. Ó ń dùn mí pé òun ló wà níbẹ̀, nítorí Làwánì ló ń gbé mi kọjá odò, òun ló ń fún mi ní ẹran ẹnu rẹ̀. Mo gbìyànjú láti fẹ́ràn eré tirẹ̀ jù. Mo jókòó, mo di ojú, mo gbìyànjú. Kò ṣeé ṣe.

Nígbà tó ku ọ̀la, mo fi òwú so eyín náà mọ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ wa, mo sì pariwo kí ó lè sáré. Ewúrẹ́ náà wò mí, ó ń jẹ èèpo iṣu rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti bá mi. Mo kúnlẹ̀, mo ká ọwọ́ méjèèjì sókè títí oòrùn fi wọ̀, wọn kò sì mẹ́nu kan ewúrẹ́ rárá.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé pé sí ẹ̀gbẹ́ pápá, àwọn ará Olúpọ̀nnà sì ń dúró lọ́hùn-ún. Bàbá bàbá mi gbé igi lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo. Làwánì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo rìn lọ bá Bùráímọ̀, mo sì nà án sí i.

Ariwo sọ. Ìyá Bùráímọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu: "Yéè! Àṣé ìrèké mi kò ṣòfò!" Ìyá mi kàn tú gèlè wọn, wọ́n sì tún un wé. Nígbà náà ni Làwánì, tó fi ọdún mẹ́ta ju Bùráímọ̀ lọ, bọ́ síwájú, ó tẹríba, ó ní, "Olórí, níbo lẹ fẹ́ kí n dúró sí?" "Lẹ" ni ó wí, fún àbúrò rẹ̀, lójú gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi bú sẹ́kún.

A na Olúpọ̀nnà. Bùráímọ̀ gbá eré kan lọ́jọ́ náà tí n kò rí irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ìyá mi kò lù mí. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, Súlè ni wọ́n pè mí dípò Àkànní. Òlèlè yẹn ni mo sì ń jẹ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí eyín náà fi bọ́. Òlèlè!

Kí ọ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé, Bùráímọ̀ ti bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin lọ, kò sì gbá eré onígi mọ́. Làwánì di olórí, ó sì gbá a fún ọdún mẹ́rin sí i. Ẹ ó rò pé ìjiyàn ti parí. Ó wá le sí i ni.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Làwánì ní oko rẹ̀ lọ́nà Ilé-Ogbó, mo sì tọrọ àforíjì. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, bí àyà mi ṣe ń já, bí mo ṣe di ojú, bí ó ṣe ń dùn mí láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ń ro oko rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Èmi gan-an, òun ni ǹ bá fún. Ta ni kò ní fún un?" Ó ro ebè kan tán, ó nà ró. "Ṣùgbọ́n lọ́dún kejì, nígbà tí Olúpọ̀nnà tún dé, ta lo rí lórí pápá?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó sì ní kí n bọ́ bàtà, kí n wá mú ọkọ́.

Láyé ìgbà náà, wọ́n á gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ọmọ kékeré lọ́wọ́ ní ìta gbangba, ẹni tó dùn mọ́ nínú á hó, ẹni tí kò dùn mọ́ nínú á tún gèlè wé, gbogbo wọn á sì jọ padà sílé kan náà. Ní báyìí, ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, èmi ni mo ń yan olórí kíláàsì. Mo ń kọ orúkọ náà sí bébà, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo sì ń yára wọlé kí n má baà rí ojú ọmọ tí n kò yàn. Kò sí ìyá kankan tó ń bínú sí mi. Kò sì sí ọmọ kankan nínú wọn tí yóò lè sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun náà ì bá yàn bẹ́ẹ̀.