Irin Tí Mo Jókòó Lé

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì ọkọ mi àtijọ́ bàjẹ́ lójú gbogbo ayé. Ó yẹ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá ń wá obìnrin tó ń dárí jini má bàa fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lọ́dọ̀ mi.

Iṣẹ́ irin ni mo bá lọ́wọ́ bàbá mi. Ní Bajulaiye ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, wọ́n máa ń gbẹ́ irin rọ́pò èyí tó bá kán lára ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé. Wọ́n kọ́ mi láti fi orí ìka mọ irin tó tẹ̀ kí n tó fi ìwọ̀n wò ó. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn ẹgbẹ́ mi ń kó ìkòkò àti àwo lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bóò ihò ẹ́ńjìnì, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbẹ́ inú ihò náà kó rí roboto, ni bàbá mi rà fún mi.

Mẹkáníìkì ni mo fẹ́, ní Fola Agoro. Ọkọ mi ń gba àlejò níwájú, èmi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn. Oníbàárà á ní, "Ọ̀gá, ta ló bóò ẹ́ńjìnì yìí? Ó mà dáa o!" Ọkọ mi á fọwọ́ lu àyà, á ní, "Èmi náà ni." Èmi á wà lẹ́yìn, epo á ti dé ìgbọ̀nwọ́ mi, màá máa gbọ́. Wọ́n ní ọkọ ni olórí aya, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí orí tó sẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tó wá fẹ́ ẹlòmíràn, tó kó ẹrù mi síta, ìyàwó tuntun kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó ń sọ kiri àdúgbò ni. "Obìnrin yẹn? Pẹtiróòlù ló fi ń fọ irin fún mi. Kò mọ nǹkan kan." Àwọn oníbàárà gbà á gbọ́, torí ẹnu rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ sí Ladi-Lak, mo gba ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì pẹ́ gan-an tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnì àwọn tó ń lọ ata nìkan ni wọ́n ń gbé wá bá mi. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí ọkùnrin yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi mọ́tò díje ló ṣí ọ̀nà fún mi. Ó gbé búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì tókunbọ̀ wá, ìyẹn odindi irin tí ihò ẹ́ńjìnì wà nínú rẹ̀, ó fẹ́ kó gbé agbára tó ju èyí tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó ní, "Màdáámú, èyí tí mo lò kẹ́yìn, ó crack sí méjì. I no fit buy another one o."

Mo sọ fún un pé nítorí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń padà wálé ni wọ́n ṣe ṣe búlọ́ọ̀kù yẹn. Bí wọ́n bá fi agbára ńlá sí i, ògiri ihò tí písítìnì ń sáré nínú rẹ̀ á máa gbọ̀n, torí òfìfo ibi tí omi ń gbà ló yí i ká. Nítorí náà mo po ìyẹ̀fun kan tó dà bí sìmẹ́ńtì, tó ní ìyẹ̀ irin nínú, mo dà á sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ń gbà, mo sì fi òkè sílẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà. Vulcanizer ẹ̀gbẹ́ mi rí mi, ó pariwo, "Ìyá, ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni?" Mo ní kó wá bá mi gbé omi.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni àṣírí iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti fi bóòtù de orí ẹ́ńjìnì, ìyẹn irin tó bo àwọn ihò náà, mọ́lẹ̀, bóòtù á fa irin, ihò tó rí roboto á wọ́ díẹ̀, ojú ò sì lè rí i. Bàbá mi máa ń sọ pé irin tó máa ṣiṣẹ́ nínú ìnira, inú ìnira ni kí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Mo gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn, mo lu ihò sí i, mo dè é mọ́ orí búlọ́ọ̀kù bí ìgbà tí orí gan-an bá wà níbẹ̀, kí n tó da ìyẹ̀fun náà, kí n sì tó bóò. Mọ́tò ọ̀dọ́kùnrin náà gba ipò kìíní, kò sì sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀.

Òkìkí ìyẹn ló gbé ọkọ mi àtijọ́ wá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. Irin pẹlẹbẹ náà wà lórí àpótí, mo ju àpò sí i lórí, mo sì jókòó lé e.

Ó ní, "Ìyá ọmọ, kú iṣẹ́ o. O ò tiẹ̀ ní dìde kí èèyàn?"

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá ọmọ. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo búlọ́ọ̀kù mìíràn tó wà nílẹ̀, ó fọwọ́ kàn án wò. "Kí lo dà sí i yìí?"

"Ṣé ẹ ò rí i ni? Ó jọ sìmẹ́ńtì."

Irọ́ kọ́ ni mo pa, ó jọ sìmẹ́ńtì lóòótọ́. Ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ó yọjú sí gbogbo kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì lọ. Irin náà tutù, ó ń gún mi ní ìdí, àmọ́ mi ò tíì jókòó sórí àga tó tù mí lára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pẹ́ tó fi ń sọ kiri Shomolu pé òun lòun kọ́ mi. Ọkùnrin olówó kan, oníbàárà rẹ̀ àtijọ́, gbé búlọ́ọ̀kù mọ́tò ìdíje fún un. Sìmẹ́ńtì ilé kíkọ́ ló dà sí i dé òkè pátápátá, ó yá ẹ̀rọ ẹlòmíràn, ó sì bóò ó láìde nǹkan kan mọ́ ọn lórí. Mo lọ wo ìdíje tí wọ́n gbé mọ́tò náà lọ, mo ra ẹ̀pà dání. Ẹ́ńjìnì náà bú ramúramù, èéfín bò ó, ó gan. Awakọ̀ jáde láìfarapa, mo dúpẹ́ nítorí ìyẹn nìkan. Mo jẹ ẹ̀pà mi tán kí n tó lọ sílé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, olówó náà gbé búlọ́ọ̀kù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì mú ọkọ mi àtijọ́ dání. Àwọn ará àdúgbò tẹ̀ lé wọn, wọ́n dúró síta.

Mo wọn ihò náà, mo bi ọkọ mi pé, "Kí lẹ dè mọ́ ọn lórí nígbà tí ẹ ń bóò ó?"

Ó ní, "Kí ni wọ́n máa ń dè mọ́ búlọ́ọ̀kù lórí?"

Olówó náà wò ó, ó wò mí. Ó rọra ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnì tí ẹ ṣe fún mi nígbà kan ní Fola Agoro, tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní, ta ló bóò ó gan-an?"

Ọkọ mi ń wolẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má là. "Òun ni."

Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó wà níta ń bi ara wọn pé kí ló wí. Mo dìde, mo lọ pa jẹnẹrétọ̀ náà. Gbogbo òpópónà dákẹ́.

Mo ní, "Bàbá ọmọ, wọn ò gbọ́ yín. Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.