Ẹṣin Tó Mọ Ọ̀nà Ṣùgbọ́n Tí Kò Gbọ́ Ìjánu

Kékeré ni mo wà ní Ìbà, n kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, nígbà tí àbúrò bàbá mi fa ẹṣin kan tí wọn kò tíì kọ́ wọlé láti Ọ̀yọ́. Ẹ má wo Ìbà òní tí ilé fara ti ilé, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gba gbogbo yàrá tán. Nígbà náà, koríko pọ̀ lẹ́yìn ilé wa débi pé ẹṣin lè jẹ ẹ́ títí tí yóò fi sú u.

Bàbá àgbà ni wọ́n ra ẹṣin náà fún. Orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọn kò lè fẹsẹ̀ rìn dé yídì mọ́, wọ́n sì ti búra pé àwọn kò ní jókòó sílé lọ́jọ́ Iléyá. Oṣù mẹ́ta ló kù. Àbúrò bàbá mi ní bí ẹṣin náà kò bá gbọ́ ìjánu kó tó dìgbà náà, àwọn yóò tà á fún àwọn tó ń fi ẹṣin gbé èèyàn káàkiri etí òkun. Mo ti rí egbò lẹ́yìn àwọn ẹṣin yẹn rí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi kọ́ ọ, torí èmi ni mo fúyẹ́ jù nínú àwa tó lè gùn ún, mo sì lágídí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí ni ọmọbìnrin ń wá lórí ẹṣin. Bàbá àgbà ló ní kí wọ́n fún mi.

Ẹ̀kọ́ náà kò le lẹ́nu. Tí o bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, o rọra fa okùn ìjánu tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ẹṣin bá ti yíjú síbẹ̀, kíá ni wàá dẹ okùn, kó lè mọ̀ pé òun ṣe é re. Láràárọ̀ la ń gba ọ̀nà kan náà: a yà sọ́tùn-ún nídìí igi òdán, a yà sósì lẹ́bàá kànga, a padà sílé. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n dunjú, mo sì ń yangàn kiri àdúgbò.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbúrò bàbá mi wá wò wá. Nídìí igi òdán, wọ́n ní kí n yà sósì. Mo fa okùn òsì, ẹṣin yà sọ́tùn-ún. Mo tún fà á tagbáratagbára, ó gbórí sókè, ó gbé mi dé kànga, ó yà sósì fúnra rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sídìí ọkà bàbà rẹ̀ nílé.

“Ọ̀nà lo fi kọ́ ọ,” wọ́n ní. “O ò kọ́ ọ ní ìjánu.”

Mo sunkún, n kò ní purọ́. Wọ́n ti fẹ́ ránṣẹ́ sáwọn ará etí òkun, àfi ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí wọ́n tó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bàbá àgbà wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, “Níbi tí ọ̀nà bá wà, ọ̀nà ni yóò máa gbọ́. Mú un lọ síbi tí ọ̀nà ò sí.”

Bí mo ṣe ń mú un lọ sórí yanrìn gbalasa kan lápá Okokomaiko nìyẹn. Kò sí igi, kò sí kànga. Màá di okùn kan mú, n kò ní fà á ju bó ṣe yẹ lọ, màá máa dúró títí yóò fi yíjú. N kò jẹ́ ká yà níbì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa pé ẹ̀sọ̀ máa ń dun èèyàn lápá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìka lásán ni mo mì, ó sì yà. Inú mi dùn débi pé mo fẹnu ko ọrùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Iléyá, Bàbá àgbà wà lórí ẹṣin, àwa yòókù ń fẹsẹ̀ rìn, la bá rí lọ́rì tó kó àgbò tó dábùú ọ̀nà yídì. Àbúrò bàbá mi na ọwọ́ láti di ẹṣin mú.

“Fi í sílẹ̀,” ni Bàbá àgbà wí.

Wọ́n yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀, ẹṣin sì yà wọ àárín ilé méjì, níbi tí kò tẹ̀ rí láyé rẹ̀. Bàbá bojú wẹ̀yìn, wọ́n ń fojú wá mi láàárín èrò títí wọ́n fi rí mi.

Ṣọ́ọ̀bù ló kún orí yanrìn yẹn báyìí. Mọ́tò ni àwọn ọmọ mi fi ń gbé mi lọ sí yídì, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n á ṣáná sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń tọ́jú mi. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bi mí pé ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà. Bàbá àgbà fúnra wọn ló mú ara wọn dé yídì lọ́jọ́ náà, arúgbó tí kò lè rìn, èmi ni mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún wọn.